Ògbufọ̀ Tó Tú Yorùbá sí Yorùbá

Bí àga bá ṣubú níwájú Dáraolúwa, yóò bẹ àga náà. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Inúolúwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gba yàrá ní àdúgbò Djidjolé ní Lomé, fi ojú ara rẹ̀ rí i: ọmọbìnrin náà fi ìbàdí gbá àga nídìí tábìlì, àga dojú dé, ó sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má bínú." Ó tiẹ̀ fi ẹ ọ̀wọ̀ sí i, àfi bí ẹni pé àga jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Bí zémijàn, ọ̀kadà àwọn ará Lomé, bá gbé e já sí kòtò, tó gbé e sókè tó tún jù ú sílẹ̀, òun tí ìdí ń ro ni yóò máa kí ẹni tó ń wà á ní pẹ̀lẹ́.

A ò lè bá a jà sí i. Ọmọ Yorùbá ni, pẹ̀lẹ́ ò sì wọ́n lẹ́nu wa. Ẹni tí a ò mọ̀ rí á kọsẹ̀ ní òdì kejì títì, a ó ti kí i ní pẹ̀lẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun kọsẹ̀. Àwọn ọmọ Togo tó ń bá Dáraolúwa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní èbúté kò kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Wọ́n á bi í pé kí ló ṣe tó fi ń tọrọ àforíjì. Kò ṣe nǹkan kan. Pẹ̀lẹ́ ló kàn ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo pẹ̀lẹ́ tó ń pín kiri Lomé yìí, ẹnì kan wà tí kì í rí ẹyọ kan gbà, ẹni náà sì ni Dáraolúwa fúnra rẹ̀. Bí Inúolúwa bá jó ìrẹsì, á ní, "Pẹ̀lẹ́, gáàsì yẹn ló le jù." Bí òun bá jó o, ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Olórí òfo! Àgbàlagbà bíi tìẹ! Ta ni yóò fẹ́ irú ẹ sílé?" Ìrẹsì tí wọ́n ti jẹ tán, tí wọ́n ti fọ ìkòkò rẹ̀, yóò ṣì máa bá a wí títí di ọjọ́ kejì. Ilé ẹjọ́ kan wà nínú orí ọmọ yìí tí kì í lọ ìsinmi. Òun ni ọlọ́pàá ibẹ̀, òun ni adájọ́, òun náà ni wọ́n dè lókùn. Agbẹjọ́rò nìkan ni kò sí.

Ẹjọ́ tó wúwo jù lọ nínú ilé ẹjọ́ náà ni ti ọjọ́ ìkórè.

Ìjọ Yorùbá kan wà ní àdúgbò Hanoukopé tí òun àti Inúolúwa ń lọ. Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù láti tú u sí Faransé, nítorí àwọn ọkọ àti ìyàwó tó jẹ́ ọmọ Togo, àti nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Lomé, tí Yorùbá wọn kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Dáraolúwa ni ògbufọ̀ náà. Faransé rẹ̀ já gaara, Yorùbá rẹ̀ sì ni ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìyá-ìyá rẹ̀ tọ́ dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ló ti ṣe é láìsí àbùkù. Òun nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n pe oníwàásù kan láti Ìbàdàn. Ọkùnrin náà kì í mí. Kó tó sọ gbólóhùn kan tán, òmíràn ti ń tì í lẹ́yìn. Ògbufọ̀ wa sáré, ó làágùn, ilé ẹjọ́ orí rẹ̀ sì ti jókòó: "Wò ó, o ti fo gbólóhùn kan. Wò ó, gbogbo ìjọ ti mọ̀." Ibi tó ti ń gbọ́ ẹjọ́ ló ti gbàgbé iṣẹ́. Oníwàásù ní, "Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, kí ẹ fi ìyìn fún Olúwa!" Dáraolúwa gbé máìkì sẹ́nu, ó sì fi ojúlówó Yorùbá dá a lóhùn pé, "Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, kí ẹ fi ìyìn fún Olúwa!"

Oníwàásù wò ó. Bóyá ó rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é ní Lomé nìyẹn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ní Olúwa ti ṣe é. Ògbufọ̀ ní Olúwa ti ṣe é. Ó ní kí wọ́n kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ògbufọ̀ ní kí wọ́n kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá kí ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń dúró de Faransé ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó ti kọjá lọ. Ó ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí Alàgbà Olúgbénga, ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ láyé rẹ̀, fi ké láti ìjókòó àwọn ọkùnrin pé, "Ọmọ mi, ti Yorùbá ti yé wa o!"

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́ ọ. Dáraolúwa gbé máìkì sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó pe zémijàn, ó di ilé. Láti ìgbà náà, ìdí òpó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, níbi tí ojú àwọn tó wà lórí pẹpẹ kò tó. Elijah, ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló gba iṣẹ́ ògbufọ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Màmá Títílayọ̀ wá ká a mọ́lé. Ìyá yìí ti ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Hanoukopé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Lomé, ọgọ́rin ọdún rẹ̀ sì ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ó ti ọ̀pá wọlé, ó jókòó, ó gba omi mu, kó tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Ọjọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ orí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kó tú u."

Dáraolúwa mi orí. "Háà, Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é mọ́ mà. Elijah ni wọ́n ń lò báyìí."

"Elijah!" Màmá yọ ṣùtì ètè. "Elijah máa ń fi iyọ̀ sí i. Mo bá sọ ẹyọ kan, á sọ mẹ́wàá. Ìwọ kì í fi nǹkan kan kún un. Lọ́jọ́ ìkórè pàápàá, bí ọkùnrin yẹn ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ lo ṣe sọ ọ́."

Inúolúwa tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sáré fi ọwọ́ bo ẹnu. Dáraolúwa ń wo ilẹ̀ bóyá yóò lanu kó gbé òun mì.

Ìyá àgbà rọ ohùn. "Gbọ́, ọmọ mi. Àwọn ọmọ Akínwùmí, ọmọ mi, àwọn tó wà ní Tokoin yẹn, wọn ò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Togo ni ìyá wọn, ará Kpalimé. Faransé ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, èdè Mina ni wọ́n fi ń ṣeré. Èmi àti wọn kì í kọjá ìkíni: bonjour, ça va, ça va, ó parí. Oyin, àgbà wọn, ń lọ kàwé ní Dakar lẹ́yìn ìsinmi yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó gbọ́ kó tó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá yóò bá mi nílé nígbà tó bá dé."

"Ṣé bàbá wọn ò lè tú u fún wọn ni, mà?"

"Akínwùmí? Ẹkún ni yóò máa sun. Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. "Bí o ò bá lè ṣe é, bon, màá jó, màá dúpẹ́, màá jókòó. Ọ̀rọ̀ náà á máa gbé inú mi."

Ó dìde láti lọ. Orúnkún rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Ariwo rẹ̀ kò tíì dún tán tí Dáraolúwa fi dé ibẹ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún ìyá náà. "Pẹ̀lẹ́, mà! Ẹ pẹ̀lẹ́! Tábìlì burúkú yìí!"

"Ẹṣin tó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí èmi ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti ọ̀pá," ni Màmá wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí takisí ṣe ṣí, Inúolúwa gbé ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan. Ká ní èmi ni mo tú Yorùbá sí Yorùbá lọ́jọ́ ìkórè. Kí lo máa sọ fún mi?"

"Màá ní pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin yẹn yára jù, kò sẹ́ni tó lè bá a sáré."

"O ò ní pè mí ní olórí òfo?"

"Olórí òfo kẹ̀! Ṣé orí mi dàrú ni?"

"O ò ní sọ pé kí n lọ máa jókòó sẹ́yìn òpó títí Jésù á fi dé?"

Dáraolúwa mú ife tí Màmá fi mu omi, ó ń nù ún.

"Gbogbo wa la kí ẹ ní pẹ̀lẹ́ nígbà yẹn," ni Inúolúwa wí. "Pásítọ̀ Ṣóbọ̀wálé pè ẹ́. Alàgbà Olúgbénga tó la ẹnu ọ̀hún pàápàá gbé búrẹ́dì wá. Ìwọ nìkan lo ò tíì wá kí ẹ." Ó fa ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ra padà. "Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Dára. Tìẹ, òde ló pọ̀ sí. Ilé ṣófo."

Ọ̀rọ̀ náà dun Dáraolúwa, nítorí pé òótọ́ ni. Ó bínú díẹ̀ pẹ̀lú, ó fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti wọlé ẹni, a kì í rí i lé jáde bọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, níbi iṣẹ́, ó fẹ́ ránṣẹ́ sí Inúolúwa lórí fóònù pé kó ra ata rodo bọ̀ nírọ̀lẹ́, kó má sì gba èyí tó ti rọ. Ọ̀gá rẹ̀ pátápátá ló fi í ránṣẹ́ sí. Kó tó rántí láti mí, ilé ẹjọ́ ti péjọ, adájọ́ ti wọ aṣọ: "Olórí ò—" Dáraolúwa dá a dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Dára." Ó rí bákan lẹ́nu rẹ̀, bíi bàtà ẹlòmíì lẹ́sẹ̀ ẹni. Ọkùnrin tó jókòó tì í, ọmọ Togo kan tó ti mọ pẹ̀lẹ́ rẹ̀ dáadáa, rò pé òun ló ń kí. Ó ní, "Merci." Ọ̀gá fèsì pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ata tó dáa. Ayé kò parẹ́.

Ó tún dán an wò nígbà tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Ó dán an wò nígbà tí tíì dà sí i láṣọ. Àwọn ìgbà kan wà tí kò rántí àfi lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ẹjọ́ tán, tí wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n, nígbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kí ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ó ṣàkíyèsí ohun kan: ohùn kan ti wà nínú ilé ẹjọ́ yẹn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn náà kò le, kò mọ òfin kankan. Ó kàn ń sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó mí ná." Agbẹjọ́rò ti dé.

Ó bá gba Hanoukopé lọ, ó ní kí Màmá má wá ẹlòmíì mọ́, òun á ṣe é. Ẹ̀rù ò kúrò o. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rù máa kúrò. Ó kàn fẹ́ gbé e dání lọ ni.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, àwọn ọmọ Akínwùmí jókòó síwájú, Oyin sì wà ní ìkangun, ọmọge ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń fi ọwọ́ kan fóònù rẹ̀, tó ń fi ìkejì bo ẹnu bó ti ń yán. Màmá Títílayọ̀ dúró lórí pẹpẹ, ó fara ti ọ̀pá. Dáraolúwa dúró tì í, ó mú máìkì dání. Àtilẹ̀bẹ̀rẹ̀ dára. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ògbufọ̀ dúpẹ́ ní Faransé. Màmá rántí ọkọ rẹ̀, ògbufọ̀ rántí rẹ̀ ní Faransé. Alàgbà Olúgbénga ń mi orí. Ìgbà náà ni ìyá àgbà kọjú sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Oyin," ó ní, "nígbàkígbà tí ẹ bá pè, tí ẹ ní 'Bonjour, Mamie,' mo máa ń sáré gbé fóònù fún bàbá yín. Ẹ ti lè rò pé mi ò fẹ́ràn yín. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Faransé ọjà ni mo gbọ́, ti ká fi ná abọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ṣì í sọ, ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń dàgbà, ìtìjú yìí ni mò ń pọ̀n. Mi ò wá pọ̀n yín tó."

Ọ̀rọ̀ náà gún Dáraolúwa láyà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń tú mọ́, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Omi lé sí i lójú, ó la ẹnu, ó sì wí pé, "Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń dàgbà, ìtìjú yìí ni mò ń pọ̀n. Mi ò wá pọ̀n yín tó."

Ní Yorùbá.

Oyin gbé ojú sókè, ó ń retí. Alàgbà Olúgbénga wú ikọ́, aya rẹ̀ sì yára tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Nínú orí Dáraolúwa, adájọ́ ti gbé òòlù sókè, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sì wà níbẹ̀ gbayawu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ yí sí ọ̀nà ibẹ̀ díẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé àyà.

"Pẹ̀lẹ́, Dára," ó ní. "Pẹ̀lẹ́."

Ó ti gbàgbé pé máìkì ṣì wà lẹ́nu òun. Pẹ̀lẹ́ náà rìn ká gbogbo ilé, ó dé ìdí òpó ẹ̀yìn, bí ó sì ti jẹ́ pé kò sí ọmọ Yorùbá tó lè gbọ́ pẹ̀lẹ́ kó má gbè é, gbogbo ìjọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Pẹ̀lẹ́ o!" Ti Alàgbà ló ròkè jù.

Dáraolúwa rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó kọjú sí Oyin, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sí Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sáré. Ó tú ti fóònù, ó tú ti Faransé ọjà, ó tú ti ìtìjú tí ìyá àgbà pọ̀n. Fóònù Oyin bọ́ sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Akínwùmí ti ń sunkún, bí ìyá rẹ̀ ti wí.

Màmá Títílayọ̀ ń wo ògbufọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó rí nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì tó wu òun náà. Ó na ọwọ́. "Gbé e wá," ó ní, ó sì gba máìkì.

"Oyin," ó ní. "Moi aimer toi. Beaucoup. Français de moi, pas bon. Toi partir Dakar, toi téléphone. Moi parler. Moi... moi..."

Ọ̀rọ̀ tó kàn kò wá. Ó wá a lórí àjà, ó wá a nílẹ̀, kò rí i. Ìyá àgbà bá gbé ọwọ́ lé àyà, gẹ́gẹ́ bó ti rí i.

"Pẹ̀lẹ́, Títí," ó ní.

Ó mí. Ó tún gbé máìkì sẹ́nu. "Moi plus peur," ó ní. "Moi parler."

"Tú u fún wa!" Alàgbà Olúgbénga ti ké láti ìjókòó rẹ̀. Ó ti pẹ́ ní Lomé ju òpó ṣọ́ọ̀ṣì lọ, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò gbọ́ Faransé. "Ọmọ mi, kí ni wọ́n wí?"

Dáraolúwa sì tú u sí Yorùbá, èdè tó ti ń sáré wá sí i lẹ́nu látàárọ̀ láìbéèrè. "Wọ́n ní, 'Mo fẹ́ràn rẹ, Oyin. Mo fẹ́ràn rẹ gan-an. Faransé mi ò dáa. Bí o bá dé Dakar, pè mí. Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́.'" Kò fi iyọ̀ kankan sí i.

Oyin ti gun orí pẹpẹ. Ó dì mọ́ ìyá àgbà, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú Yorùbá díẹ̀ tó ní, ó sì rí èyí tí gbogbo ilé ti ń sọ láàárọ̀ náà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mamie."

"Ça va," ni Màmá Títílayọ̀ wí, ó di ọmọ náà mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. "Ça va, ça va."

Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n tú ìyẹn. Dáraolúwa rọra gbé máìkì sílẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ Inúolúwa tó ti gba àyè sílẹ̀ fún un ní iwájú, kì í ṣe nídìí òpó. Níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ àtẹ̀gùn, ó ta gbọ̀ngbọ̀n, ó sì ní, "Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́."

Inúolúwa sún fún un. "Àtẹ̀gùn lo tún ń bẹ̀ báyìí?"

"Rárá," ni Dáraolúwa wí, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ ra ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èmi ni mò ń kí."